Má Jẹ́ Kí Wọ́n Ya Ọmọ Yẹn ní Fótò

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mi ò ní bi ọ́ bóyá ara le. Mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù ní Sọ́ńdè, ohùn ẹni tó jẹun yó tó sì ń retí owó ni. Ara rẹ le. Ní tèmi, orúnkún ṣì ń ṣe bó ṣe ń ṣe, ẹ̀gbọ́n mi sì ń da àdí àgbọn sí i lójoojúmọ́ bíi pé ó fẹ́ fi dín dòdò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni èyí tí o sọ kẹ́yìn, tí o sáré sọ bí ẹni tó ń gbé oògùn kíkorò mì. O ní ọkùnrin tó ń ta ilẹ̀ ní ọ̀nà Ìpájà yẹn fẹ́ wá ṣe ọgọ́ta ọdún rẹ̀ nínú ilé àwọn ọmọ ní Sátidé. O ní ó máa pààrọ̀ gbogbo òrùlé tó ń jò. O ní ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ ni kí àwọn onífótò rẹ̀ yà á pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí Tóyọ̀sí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì bá a gé kéèkì. "Torí ó rẹwà, Mọ́mì." Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ. Mo dákẹ́, o rò pé nẹ́tíwọ̀kì ló lọ, o ń pariwo "hẹ́lò, hẹ́lò". Nẹ́tíwọ̀kì ò lọ. Inú ló ń bí mi.

Ọmọ ọdún méje. Ọkọ ìyá rẹ̀ tó ń fi wáyà nà án ṣì ń rìn kiri ní ìgboro, ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó wà. O wá fẹ́ gbé ojú ọmọ náà fún onífótò nítorí páànù!

Mo mọ̀ pé ìwọ lo ni ilé yẹn báyìí. Oṣù mẹ́ta nìyí tí o fi iṣẹ́ báǹkì sílẹ̀ tí mo kó kọ́kọ́rọ́ fún ọ, tí àwọn ẹbí bàbá rẹ sì ń sọ kiri pé mo ti ba ayé ọmọ mi jẹ́. Kí wọ́n máa sọ ọ́. Èmi ò kàwé. A, B, D tí mo mọ̀, lára páálí òwú àti ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà sí ni mo ti kọ́ ọ. Tí o bá rí ibi tí àmì ti sá, fò ó, máa kà á lọ. Mo fẹ́ sọ àwọn àṣìṣe mi fún ọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan wà tí o mọ̀, torí o wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà tí mo purọ́ fún ọ lé lórí, ojú ṣì ń tì mí dòní.

Ìkíní ni ti aṣọ.

O rántí ilé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìgàndò? Yàrá kan àti pálọ̀ kan. Tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ wá láti ọ̀nà ààtàn, a ó ti gbogbo wíńdò, a ó wá máa làágùn bí ẹni tó wà nínú ààrò. Èmi ò dá ilé ọmọ kankan sílẹ̀ o. Kí ẹnikẹ́ni má fi irọ́ yìn mí. Nọ́ọ̀sì kan tó ń rán aṣọ lọ́dọ̀ mi ló mú ọmọ àkọ́kọ́ wá: "Màmá Àbẹ̀kẹ́, ẹ bá mi mú un fún ọjọ́ méjì péré." Ọjọ́ méjì yẹn di ọdún mẹ́sàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kàn ń kó wọn wá ṣáá. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run fún un ní àlùjánńà, á ti mọ́ṣáláṣí dé, á máa ka orí tó wà lórí ẹní.

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́, márùn-ún la fi sílẹ̀ láàárọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mẹ́fà ni mò ń rí."

"Ẹ tún un kà dáadáa, ó lè jẹ́ ojú yín ni."

Á rẹ́rìn-ín, á sì ti abọ́ oúnjẹ tirẹ̀ síwájú ẹni kẹfà. Kò bi mí rí pé ibo ni mo ti rí i. Àbẹ̀kẹ́, àsìkò yẹn ń wù mí. A ò ní nǹkan kan, ìlẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wa ò tiẹ̀ ṣeé tì, ẹni tó bá wà níbẹ̀ á máa kọrin kí ẹnikẹ́ni má wọlé bá a. Ìwọ lo máa ń kọrin jù, ẹ̀rù ń bà ọ́.

Èmi wá lọ ra odidi bọ́ńdù ànkárá búlúù kan, mo rán an fún gbogbo yín, ọ̀kan náà, ìwọ náà sì wọ̀ ọ́. Mo rò pé ìfẹ́ nìyẹn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹ tò lọ sílé ìwé bíi sójà, orí mi ń wú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín ní "ọmọ mọ́dálẹ́sì". Ìwọ náà, tí ìyá rẹ ń jókòó nídìí máṣíìnì! O sunkún wálé. Ọmọ tó sá kúrò nínú ìyà, èmi télọ̀ ni mo tún fọwọ́ ara mi rán àmì sí i lára.

Torí náà, má dá aṣọ kan náà fún wọn láé, ẹni yòówù kó gbé bọ́ńdù wá. Mú wọn lọ sí ọjà Ìkọ̀tún ní méjì méjì, kí oníkálukú tọ́ka sí èyí tó wù ú. Á jẹ ọ́ ní odidi ọjọ́ kan. Jẹ́ kó jẹ ọ́. Ráfíù tó mú aṣọ olódòdó pupa ńkọ́, tí gbogbo yín ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ti obìnrin ni? "Ẹ̀yin lẹ máa wọ̀ ọ́ àbí èmi?" Ó wọ̀ ọ́ títí ó fi ya lápá méjèèjì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa bi ọmọ yẹn pé kí lo fẹ́.

Ìkejì: ojú ọmọ kì í ṣe igbá tí a fi ń tọrọ owó.

Ọdún kan wà tí owó ilé tán pátápátá. Mo kó wọn lọ sí ìjọ wa, mo wọ̀ wọ́n ní sùtánà funfun tí mo rán, mo tò wọ́n síwájú, mo gba máíìkì. Mo ń tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń ròyìn ohun tí wọ́n fojú rí. O mọ ẹnu mi, kò sí ìgbà tó ń dí. Àwọn ìyá ìjọ ń fi eteetí aṣọ nu ojú, àwọn bàbá ń yọ owó. Owó náà pọ̀, mi ò ní purọ́. Nígbà tí a ń rìn bọ̀, èyí tó kéré jù nínú wọn fa aṣọ mi. "Màmá, ṣé wọ́n ti rà wá ni?"

Ṣé o mọ ohun tí mo sọ fún un? Mo ní, "Pa ẹnu dé, máa rìn." Ìdáhùn tí mo rí fún ọmọ náà nìyẹn.

Tí o bá máa tọrọ, dá nìkan lọ. Ẹnu tìrẹ ni kó o fi tọrọ. Tí wọ́n bá ní kí ọmọ wá sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un, sọ fún wọn pé ọmọ náà ti sọ ọ́ fún ẹni tó yẹ kó gbọ́. Pásítọ̀ ni o, álíhájì ni o, ẹni tó fẹ́ sunkún kó lọ sunkún nílé ara rẹ̀.

Kí n tó gbàgbé, èyí wà pẹ̀lú ẹ̀: ta ló gbé ilé yẹn dúró láti ọdún méjìlélógún? Ronú sí i dáadáa. Ṣé àwọn tó ń kó páálí bísíkíìtì wá pẹ̀lú bélúùnù ni? Àwọn yẹn á dé lọ́wọ́ ọ̀sán, wọ́n á ṣe ariwo, wọ́n á gbé ọmọ sítan bí ẹni gbé ọmọ ológbò, kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n ti lọ, ó di ọdún mìíràn. Mo bú ọ̀kan nínú wọn rí, mo sì tún máa bú u lónìí tí mo bá rí i. Ẹni tó gbé ilé dúró ni ìyá alátà tó ń da ata sínú báàgì fún wa ní gbogbo Jímọ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ọmọ Ìbàdàn tó ń tún ẹ̀rọ omi wa ṣe ni, tó máa ń sọ pé, "Màmá, ẹ fún mi ní omi mu, ó ti tó." Àwọn oníbàárà mi àtijọ́ ni, tí kálukú wọn mú ọmọ kan, tí wọ́n ń san owó ilé ìwé rẹ̀ láìbéèrè orúkọ rẹ̀. Máa lọ kí wọn. Jókòó lọ́dọ̀ wọn, jẹ ohun tí wọ́n bá fún ọ. Kó o sì máa sọ ọ́ gbangba pé owó oṣù àwọn Àǹtí tó ń wẹ ọmọ lo ń wá. Àwọn olówó ńlá kì í fẹ́ san owó oṣù, torí wọn ò lè ya owó oṣù ní fótò.

Ó dáa. Mo ti yí i po tó. Jẹ́ kí n kọ èyí tí mò ń sá fún.

O rántí Bísí. O gbọ́dọ̀ rántí ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ìwọ jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ìwọ lo máa ń di ṣùkú fún un lórí àkàsọ̀ ẹ̀yìn ilé, orí rẹ̀ á wà láàárín orúnkún rẹ, ìwọ á máa bá a jà pé kó dúró jẹ́ẹ́. Àbúrò bàbá rẹ̀ ló fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e lẹ́yìn nítorí mílíìkì tó lá. Oṣù mẹ́rin ló fi wà lọ́dọ̀ wa tí kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá olówó kan wá fẹ́ ṣe àádọ́ta ọdún lọ́dọ̀ wa. Ó kó fóòmù tuntun mẹ́wàá wá, ó kó onífótò wá. Onífótò náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Bísí: "Ọmọ dáadáa, fi eyín hàn mí, mo fẹ́ kà á." Bísí rẹ́rìn-ín! Èmi ni mo kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ìyá náà tẹ kalẹ́ńdà láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó bá a ṣe ọjọ́ ìbí. Ojú Bísí gba odidi Oṣù Kẹta, bọ́ọ̀dì ilé wa wà lẹ́yìn rẹ̀ gbàgàdà, pẹ̀lú àdúgbò tí a wà. Ó ń sáré yí ilé po: "Èmi ni Oṣù Kẹta! Ẹ má fa èmi ya o!" Ìwọ lo bi í pé, "Tí Oṣù Kẹta bá wá tán ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ máa ṣí i padà sí mi ni!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú bàbá rẹ. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn. Láti ọdún yẹn wá, mi ò tíì gbádùn ẹ̀rín tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Wọ́n pín kalẹ́ńdà náà káàkiri. O mọ̀ wá, a kì í ju kalẹ́ńdà nù, a ó kàn án mọ́gi. Ọ̀kan dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Ìyànà Ìpájà. Àbúrò bàbá yẹn lọ gẹ irun níbẹ̀. Wọ́n ti fi aṣọ bò ó lọ́rùn, ó gbójú sókè, ó rí ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sí i lára ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ló ń ròyìn rẹ̀, bí ẹni tí Ọlọ́run ṣe iṣẹ́ ìyanu fún.

Ọ̀sán Wẹ́sídeè ló dé, o wà nílé ìwé. Ó mú àgbàlagbà méjì dání àti pásítọ̀ kan. Ó ká kalẹ́ńdà sí abíyá.

"Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ bá wa tọ́jú ọmọ wa."

"Ọmọ yín? Àpá ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́, ṣé ẹ máa kó ìyẹn náà dání?"

"Ìbáwí ni jàre, Màmá. Ẹ̀yin ò kì í bá ọmọ wí ni?"

Pásítọ̀ náà ń mi orí. Ó ń mi orí, Àbẹ̀kẹ́! Mo bú wọn débi tí àwọn ará àdúgbò fi yọ. A dé téṣàn. Ẹni tó wà nídìí kántà ò wo ẹ̀yìn ọmọ, èmi ló ń wò.

"Ìwé dà, Màmá?"

"Ìwé wo?"

"Ìwé tó ní kí ọmọ yìí wà lọ́dọ̀ yín."

Mi ò ní ìwé kankan. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé kí n lọ forúkọ ilé sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kí n gba ìwé kóòtù fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo ń sọ pé ṣé ìwé ni wọ́n máa jẹ ni. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ẹbí nìyí. Ẹ lọ yanjú ẹ̀ nílé."

Wọ́n wá mú un. Kò sunkún. Ó bọ́ sálúbàtà tí a rà fún un, ó tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó wá wojú mi. "Màmá, ṣé torí mo rẹ́rìn-ín ni?"

Mo he sálúbàtà náà nílẹ̀. Èmi, ẹlẹ́nu mímú.

Nígbà tí o dé láti ilé ìwé, mo sọ fún ọ pé àǹtí rẹ̀ láti Abẹ́òkúta ló wá mú un, pé wọ́n ra bàtà tuntun fún un, pé ó ní kí n kí ọ. O ní, "Kò tiẹ̀ dúró kí n tú irun ẹ̀ fún un?" O bínú sí i fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí àǹtí kankan. Irọ́ ni mo pa. Mo lọ sí ilé wọn ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti kó jáde. Mo wá a fún ọdún mẹ́ta, mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí mo mọ̀ àti ẹni tí mi ò mọ̀. Mi ò rí i títí dòní. Ìyá olówó jẹ̀bi, onífótò jẹ̀bi, téṣàn jẹ̀bi, pásítọ̀ yẹn jẹ̀bi jù. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣí gèètì. Èmi ni mo pàtẹ́wọ́.

O bi mí lọ́dún tó kọjá pé kí ló dé tí mi ò kì í jẹ́ kí kámẹ́rà kọjá pálọ̀, mo ní agídí mi ni. Agídí kọ́. O ti wá mọ̀ ọ́n báyìí.

Má sọ fún mi pé ìwé tiwa ti pé. Mo mọ̀, èmi ni mo sáré rẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé Tóyọ̀sí ní ìwé kóòtù. Àbẹ̀kẹ́, ìwé á ràn ọ́ lọ́wọ́ ní téṣàn. Ẹni tó bá lọ dúró de ọmọ lọ́nà ilé ìwé ńkọ́, ṣé ó máa dúró ka ìwé ni? Kalẹ́ńdà ìgbà yẹn, ó gba oṣù mẹ́ta kó tó dé Ìyànà Ìpájà. Ti ìsinsìnyí, kéèkì ò ní tíì tán lẹ́nu ọkùnrin yẹn tí ojú ọmọ á ti wà lórí fóònù gbogbo Alímòṣọ́.

Ọkùnrin náà lè jẹ́ èèyàn rere. Mi ò sọ pé kì í ṣe èèyàn rere. Sọ fún un pé kó wá. Kó jókòó lórí ẹní, kó bá wọn jẹ ìrẹsì, kí wọ́n kọrin fún un, ohùn wọn dùn. Kí àwọn onífótò rẹ̀ yà á níwájú gèètì. Kí wọ́n ya òrùlé kí wọ́n tó ṣe é, kí wọ́n tún yà á lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é tán. Òrùlé ò ní ọkọ ìyá tó ń wá a. Tó bá ní, "Ta ló wá máa mọ̀ pé mo ṣe nǹkan?" sọ fún un pé àwọn tó sùn láìtutù á mọ̀.

Tó bá bínú, tó kó páànù rẹ̀ lọ, kó máa lọ. A ti gbé inú ilé tó ń jò rí. Ìwọ àti Ráfíù máa ń jókòó ti báàfù, ẹ ó máa jiyàn èwo ló máa kọ́kọ́ kún, ẹni tó bá fìdí rẹmi ló máa lọ dà á nù. Ẹ̀rín yín ń borí ariwo òjò. Mi ò sọ pé kí àwọn ọmọ máa tutù o. Máa wá owó òrùlé lọ, díẹ̀ díẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tí mo kọ sókè yìí. Ó lè pẹ́ tó ọdún méjì. Kó pẹ́.

Nọ́ńbà ọkùnrin náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí, mo pa á kó tó dún. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí, ó ní, "Ta lo tún fẹ́ bá jà?" Mi ò ní pè é. Tí mo bá pè é, á jẹ́ pé irọ́ ni mo pa nígbà tí mo kó kọ́kọ́rọ́ fún ọ. Ìwọ ni màmá ilé yẹn. Dírẹ́bà tí mo fi lẹ́tà yìí rán máa dé Ìyànà Ìpájà ní Wẹ́sídeè, ó ku ọjọ́ méjì gbáko kó tó di Sátidé. Pe ọkùnrin náà ní Tọ́sìdeè.

Má sì wọ yàrá lọ ti ìlẹ̀kùn mọ́ra o. Pálọ̀ ni kó o jókòó sí. Jẹ́ kí Tóyọ̀sí wà níbẹ̀, kó máa ṣeré tirẹ̀, má wò ó, má dárúkọ rẹ̀. Sọ̀rọ̀ sókè, kó gbọ́ bí àgbàlagbà ṣe ń sọ "rárá" nítorí tirẹ̀. Bóyá láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yẹn, kò tíì gbọ́ ọ rí.

Èmi ni,
Màmá rẹ.